Ìrù Iná tí Mo Rí ní Ìdí Ọta

Ọmọ mi Ọláníyan,

O kú iṣẹ́ ṣọ́jà, o kú ìnira Èkó. Ṣé omi ibẹ̀ kò bá ọ lára jà? Ọ̀ṣun kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn ibi nípa rẹ, orí rẹ yóò máa ṣọ́ ọ. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o yé sùn sílẹ̀ lásán. Jacob olùkọ́ ni ó ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un kí ó má ṣe yọ ohunkóhun kúrò nínú ohun tí mo bá sọ.

Ọmọ mi, a ti ṣẹ́gun. Ìbọn mi kò kúrò lọ́wọ́ mi.

O rántí ohun tí ó fà á. Ní ọjọ́ tí àwọn ṣọ́jà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Ẹdẹ, tí wọ́n ń fi ìbọn ńlá kan dánra wò lẹ́bàá odò, àwa ọdẹ Alájùé lọ wòran. Bí ìbọn náà ti ké báyìí, gbogbo ọdẹ dojú bolẹ̀. Èmi nìkan ni mo dúró, nítorí orúnkún mi kò jẹ́ kí n tètè wólẹ̀. Mo sì rí i gbangba, ọta ń lọ, iná pupa ń tẹ̀lé e bí òwú ti ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo sọ ọ́, Ifábùnmi tí a jọ ń ṣọdẹ láti ìgbà èwe sọ pé ojú mi ni ó ti ń ṣe bàìbàì, pé kò sí ẹni tí í rí ọta lójú òfurufú. O mọ òfin wa láti ọjọ́ tí ọdẹ kan ti yìnbọn pa ewúrẹ́ Sàdíátù aládùúgbò wa, tí ó rò pé ẹtu ni: ẹni tí kò bá ríran mọ́, kí ó gbé ìbọn rẹ̀ fún Olúọdẹ. Wọ́n fún mi láyè di ìpàdé tí ń bọ̀ kí n fi hàn pé mo ṣì ń ríran. Mo ní kí Jacob kọ̀wé bi ọ́.

Ìgbà náà ni ìwé rẹ dé. Jacob kà á sókè lójú gbogbo wọn, pé òótọ́ ni, òyìnbó máa ń di oògùn kan sí ìdí ọta mìíràn, tí iná ẹ̀tù bá ti ràn án, yóò máa jó lọ lójú ọ̀nà kí ẹni tí ó yìn ín lè mọ ibi tí ó gbà. Ó yé mi dáadáa. Òyìnbó ni ó fowó ra ọta, ta ni yóò fowó ra nǹkan tí kò ní fẹ́ mọ ibi tí ó lọ? Mo rò pé bí ó bá ti fẹ́ yà sọ́tùn-ún, wọn a máa pè é padà, àmọ́ o kò kọ ìyẹn.

Síbẹ̀ Ifábùnmi ní ọmọ kì í kọ̀wé pé bàbá òun ń purọ́. Ni mo bá wọlé, mo mú ihá tí a fi ń dáná, mo rẹ ẹ́ sínú àdín, mo fi òwú dì í mọ́ ìdí ọta kan, mo sì kì í sínú ṣakabùlà mi. Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo yìn ín sójú odò. Ọláníyan, ó lọ, ó ń jó, ó ń fa èéfín lẹ́yìn, òórùn àdín gba gbogbo etí odò kí ó tó ṣubú sómi. Àwọn ọdẹ hó yèè. Olúọdẹ fúnra wọn ní ojú mi mú ju ti àwòdì lọ. Ifábùnmi nìkan ni ó ń bi àwọn ènìyàn pé níbo, níbo ni ó gbà?

Gbogbo wọn yíjú sí i. Olúọdẹ ní kí ó gbé ìbọn rẹ̀ wá. Inú mi kọ́kọ́ dùn, n kò ní purọ́ fún ọ, àmọ́ nígbà tí mo rí bí ó ti gbá ìbọn náà mọ́ra, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un di ìpàdé mìíràn, mo sọ pé mo ní ọmọ ní Èkó tí yóò wá nǹkan ṣe sí ojú rẹ̀.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ẹ̀tù, nítorí gbogbo Alájùé ní kí n tún un ṣe. Fi owó àdín kún un, ti irun ìyá rẹ ni mo lò, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ra dígí ojú fún Ifábùnmi, irú èyí tí àwọn akọ̀wé ń lò. Kí o bi ẹni tí ń tà á bóyá ó mọ ẹranko wò, n kò fẹ́ èyí tí ó jẹ́ ìwé nìkan ni ó ń rí. Kí ó jẹ́ méjì. Èkejì kì í ṣe nítorí ohunkóhun, kí ojú má baà ti Ifábùnmi láti nìkan lò ó ni. Bí o bá ń fèsì, má ṣe kọ ìyẹn síbẹ̀, nítorí gbangba ni Jacob ti ń kàwé rẹ.

Ọ̀nà rẹ yóò mọ́lẹ̀. Ọta kankan kò ní mọ ibi tí o wà, ìbáà gbé iná sí ìdí.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó ń ríran kedere,
Fákọ̀yà.