Àlejò Tó Mọ Oríkì Ọmọ Mi

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Bódìjà ni mò ń gbé.

Ní Sátidé, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan kanlẹ̀kùn, ó ní òun wá kí Àjíkẹ́. Oríkì ọmọ mi nìyẹn, ilé nìkan la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo ṣe bí ẹbí bàbá rẹ̀ ni, mo bu omi fún un.

Ó ní òun ni Ṣọlápé. Ọmọ mi ní ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá bíi tòun ni Ṣọlápé tí àwọn jọ ń kọ lẹ́tà síra.

Mo fa ọmọ mi wọ yàrá, mo gba àwọn lẹ́tà náà kà. "Kí ni oríkì rẹ?" "Ọjọ́ wo ni màmá rẹ kì í sí nílé?" Ó ní òun dáhùn méjèèjì.

Ìgbà tá a máa fi jáde, ọkùnrin náà ti lọ.

Gbogbo Sátidé ni mo ń wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ibà ló dá mi dúró sílé lọ́jọ́ yẹn. Kí ni kí n ṣe, ẹ̀yin òbí? Sátidé mìíràn ń bọ̀.