Èéfín Tí Mo Rí Lẹ́nu Rẹ

Tíṣà mi, ọmọ tí mo gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò nínú oyún,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí òtútù ìlú òkèèrè tí o wà nínú rẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ iléèwé rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Bí o bá wà lórí ìdúró, jọ̀ọ́ wá ibi jókòó sí. Bí inú bá ṣì ń bí ọ, má tíì ya lẹ́tà yìí, kọ́kọ́ yọ bébà kejì tí mo ká sínú rẹ̀ kí o tọ́jú rẹ̀, torí òun ni wọ́n ń retí ní ọ́fíìsì tí ẹjọ́ rẹ wà. Ọlọ́run tó bò mí láṣìírí níjọ́ tí mo jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ mi tí mò ń ṣe ìdánwò, tí mo fi ìwé bo ikùn, kò ní jẹ́ kí o kan àbùkù nítorí mi. Àmín. Mo mọ̀ pé o lè má fẹ́ ṣe àmín yẹn báyìí, mo ti bá ọ ṣe é.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Bàbá rẹ wà, ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti ń sàn, wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà wọn, ìdìde ló ṣì kù. Àbúrò rẹ kékeré ti hu eyín méjì, ara èmi ló sì ti dán an wò. Atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa, kò sí ẹni tó ń wọbẹ̀ nígbà òjò láìmú agboòrùn dání, àwọn ará ilé kejì wá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa là ń múra lọ yàgbẹ́ bí ẹni tó ń lọ sóde. Iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníbàárà ṣì ń mú aṣọ wá lónìí kí wọ́n tó sọ pé àná ni àwọn fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ìròyìn ilé ti tán, mi ò rí nǹkan mìíràn fi fà á gùn mọ́. Ojú ń tì mí ni. Ojú ń tì mí bí aránṣọ tó fi áyọ́ọ̀nù jó aṣọ ìyàwó láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, tí ìyàwó sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ìwọ náà lè rí ibi tí mo ti ṣìnà, torí lórí fóònù ọjọ́ yẹn, kò sí èyí tó gbọ́ ti ẹnì kejì nínú wa.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé onílé rẹ mú bíìlì iná wá, tó tó ìdajì owó oṣù rẹ, tí o sì ní o ò ní san án, mo gbé aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀. O ní onílé sọ pé híítà, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru, ni o ń tàn tọ̀sán tòru. O ní irọ́ ni, pé o pa gbogbo iná yàrá rẹ, o yọ gbogbo ohun tó wà lára ògiri, o wá sọ̀kalẹ̀ lọ wo mítà lábẹ́ àtẹ̀gùn, mítà ṣì ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. O ní ẹ̀rọ ìfọṣọ onílé tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n so wáyà rẹ̀ mọ́ mítà tìrẹ, o sì ti fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń parí ìjà onílé àti ayálégbé. Èmi ń ṣe hẹn, hẹn, ṣùgbọ́n inú mi lọ́hùn-ún ń sọ pé ta ló rán ọmọ yìí sí ìdí mítà. Lójú tèmi, mítà onílé dà bí àpò ṣòkòtò onílé, èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ yọjú wò ó.

Má bínú, ohun tójú mi ti rí ló fà á. O kéré nígbà yẹn, o lè má rántí onílé wa àkọ́kọ́. Ilẹ̀kùn wa kì í tì, bàbá rẹ wá béèrè tẹ̀rín tẹ̀rín pé ìgbà wo ni wọ́n máa bá wa tún un ṣe. Ọkùnrin náà ní ó dáa, ó yọ ilẹ̀kùn náà látòkè délẹ̀, ó gbé e lọ sílé ara rẹ̀, ó ní kò sí èyí tí kò tì mọ́. Aṣọ la fi bo ẹnu ọ̀nà títí èmi fi lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tí mo ní àwa la jẹ̀bi. Kò tíì di alẹ́ tí ilẹ̀kùn fi padà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé ẹ̀bẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé tí èèyàn bá háyà.

Ọ̀rọ̀ èéfín ló wá da iyọ̀ sí egbò náà. Ọjọ́ Sunday tí a ríra lórí fídíò, o jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, o wọ ẹ̀wù òtútù ńlá nínú yàrá. Mo bi ọ́ pé kí ló dé, o ní o fẹ́ jáde ni. O rẹ́rìn-ín, èéfín yọ lẹ́nu rẹ. O ní kí n gbé àbúrò rẹ wá kó wò ọ́, èéfín tún yọ. Mo ń wo ọwọ́ rẹ bóyá màá rí sìgá, mi ò rí i, mo ní á jẹ́ pé o ti kì í bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù wá ń bà mí pé bẹ́ẹ̀dì á gbiná mọ́ ọ lábẹ́. Mo sọ fún bàbá rẹ, wọ́n ní bóyá fóònù wa ló dọ̀tí lójú. Mo nù ún. Mo gbààwẹ̀. Mo kọ̀wé sí ọ pé kí o ṣàánú ẹ̀dọ̀fóró rẹ, àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni o fi dá mi lóhùn, mo ní ó parí, ọmọ mi ti dẹni tí wọ́n ń bá wí tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni mo wá nọ́ḿbà onílé rẹ jáde, èyí tí o fún mi nígbà tí o kó débẹ̀, pé bí mo bá wá ọ tí mi ò rí ọ. Obìnrin kan ló gbé e. Mo kí i, mo kí ilé, mo kí ọ̀nà, kò jẹ́ mi ní ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń bá lọ, ó ní ẹni tí mo pè kò sí nítòsí, kí n sọ tẹnu mi lẹ́yìn tí mo bá gbọ́ ìró. Mo ní ìyàwó onílé nìyí, ó mà gbéraga o. Mo tún un pè, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Àánú rẹ̀ wá ṣe mí, mo ní bóyá ọkọ rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó sọ ju ìyẹn lọ. Bàbá rẹ ló wá là mí lóye níjẹta pé kì í ṣe èèyàn rárá, pé ẹ̀rọ ni. Gbogbo ìkíni mi ṣòfò.

Mo kúnlẹ̀ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́rẹ́ kan tó bọ́ sílẹ̀ gún mi lórúnkún, mo pariwo, mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀ lọ. Òyìnbó ni mo fi bẹ̀ wọ́n, òyìnbó tí mo fi gba kírédíìtì nínú ìdánwò ọjọ́sí. Mo ní kí wọ́n fojú ọmọ wo ọmọ mi, pé òun ló jẹ̀bi, òun ló jẹ iná náà, pé kí wọ́n yọ owó wọn nínú owó àsansílẹ̀ rẹ tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má sáà lé e síta. Ibi tí mo bá a dé ò tó mi, mo tún ní kí wọ́n bá mi bá ọ wí lórí sìgá tí o ń fà nínú yàrá. Mo pa fóònù, mo gbọn orúnkún nù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo ní mo ti bá ọmọ mi tún ilé ṣe.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kò fọ́ o, inú fóònù ló wà digbí. O pè mí, o ní onílé gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì ní ọ́fíìsì, ó tẹ ohùn mi fún gbogbo ayé gbọ́, títí kan ibi tí mo ti pariwo abẹ́rẹ́. O ní ó wá fọwọ́ lẹ́rán, ó ní ṣé wọ́n gbọ́, ìyá tó bí i ló sọ ọ́, àti pé ìwé ilé tí o fọwọ́ sí ka sìgá fífà léèwọ̀, nítorí náà kí o kó jáde bí oṣù bá parí. O bi mí pé ta ló rán mi. Mo ní nílé wa ìyá a máa bẹ̀bẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè tán. O ní Màámi, níbi tí mo wà, ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ ti gba ẹ̀bi nìyẹn. Mo wá béèrè nípa sìgá, torí mi ò mọ ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́. Ìgbà yẹn lo sọ pé o ò fẹnu kan sìgá rí, pé òtútù yàrá ló ń sọ èémí di èéfín, pé látìgbà tí òtútù ti dé o ò tíì tan híítà náà rí, kí owó tí o ń fi ránṣẹ́ sílé má bàa dín. Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń mí. O wá pa fóònù.

Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tí mo fi owó tó dé kẹ́yìn rà? Fáànù ni. Fáànù onídùúró, torí ooru ṣọ́ọ̀bù. O jókòó síbẹ̀ ò ń gbọ̀n kí èmi lè ríbi gba atẹ́gùn sára. Mo ti pa á, mo kọjú rẹ̀ sógiri. Àwọn oníbàárà ń làágùn, wọ́n ń béèrè pé kí ló ṣe é, mo ní ó ń sinmi. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o wá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kò sí ìkíni lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. O ní obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní ọ́fíìsì bi ọ́ pé bí kì í bá ṣe sìgá, èéfín kí ni ìyá rẹ rí, o sì ṣàlàyé fún un. O ní ó wá kọjú sí onílé, ó ní yàrá wo ni híítà ti ń jó tọ̀sán tòru tí èémí èèyàn ti ń di èéfín nínú rẹ̀. O ní onílé ní kí wọ́n fún òun lómi. O ní kí n fọwọ́ ara mi kọ ohun tí mo rí gan-an àti ohun tí ẹ̀bẹ̀ mi túmọ̀ sí, pé bébà náà gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó tún jókòó, torí òun ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá o máa kó jáde.

Mo ti kọ ọ́. Ti àkọ́kọ́, bàbá rẹ kà á, wọ́n ní kí n yọ ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ kúrò. Mo yọ ọ́, ìkíni nìkan ló kù. Mo tún òmíràn kọ. Ohun tó wà nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́ ni pé èmi ni ìyá tíṣà tó ń gbé lókè, mo rí èéfín lẹ́nu ọmọ mi nínú yàrá rẹ̀, mi ò rí sìgá, ẹ̀wù òtútù ló wọ̀. Ohun tí mo sọ nípa iná, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò débẹ̀ rí, ìbẹ̀rù ló sọ ọ́. Nílé wa, ìyá lè kúnlẹ̀ nítorí ọmọ tó jàre. Mi ò mọ̀ pé lọ́dọ̀ wọn, ńṣe ló yẹ kí n dìde dúró. Mo ti dìde báyìí. Mo buwọ́ lù ú, mo tún tẹ̀ka sí i, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Fi báírò pupa rẹ wò ó, bí mo bá ṣi òyìnbó kọ, tún un ṣe, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ibi tí mo ti dìde.

O ó rí i pé látòkè ni mo ti ń pe onílé rẹ ní wọ́n, tí mo sì ń gbàgbé nígbà mìíràn. Ìgbàgbé yẹn ti di àmọ̀ọ́mọ̀ṣe o. Ó di ìgbà tó bá tú wáyà rẹ̀ kúrò lára mítà rẹ kó tó tún di wọ́n lẹ́nu mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. O mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í parí láìtọrọ, èyí náà ò ní yàtọ̀. Owó oṣù yìí, mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, gbogbo rẹ̀, má yọ kọ́bọ̀. Fi tan híítà. Ohun tí mo fẹ́ fi owó mi ṣe nìyẹn, má jiyàn. Páànù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lè dúró, a ní agboòrùn.

Kí ilé tí o sùn sí gbà ọ́. Kí ẹni tó fẹ́ tì ọ́ síta má rí ọwọ́ fi tì ọ́. Kí àwọn ọmọ tí o ń kọ́ máa rí ọ láàárọ̀ pẹ̀lú ara líle, kí ìyá rẹ má sì tún ṣe agbẹjọ́rò fún ọ̀tá rẹ mọ́ láé.

Bí o bá ti tan híítà náà, tí yàrá ti móoru, jọ̀ọ́ pè mí lórí fídíò. Bí inú bá ṣì ń bí ọ, o ò ní láti bá mi sọ̀rọ̀. Ṣáà la ẹnu rẹ, kí n rí i pé èéfín kò jáde.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó ti nu ojú fóònù sílẹ̀.