Mojí, Ṣí Búùtù Ọkọ̀ Rẹ

Ìmẹ̀sí-Ilé,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Mojí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Missouri City? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ lórí títì freeway kò ní sùn, àmín. Ara mi le, ẹsẹ̀ mi nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń jó lábẹ́ tábìlì, ìdúró ni mo wà tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti fa méjì ya ṣáájú rẹ̀.

O ní kí n kọ̀wé bá Zoe ọmọ rẹ wí, kó fi gìtá sílẹ̀ kó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, o sì tún ránṣẹ́ lánàá pé o ti ti gìtá náà mọ́ búùtù ọkọ̀ kí ó má baà lè bá ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ṣeré ní ìlú Spring ní Sátidé yìí. Ọkọ rẹ náà ránṣẹ́ pé ìdílé tó ní dókítà mẹ́ta àti ẹnjiníà méjì kò gbọdọ̀ bí onígìtá. N kò mọ̀ bóyá ọmọ ló ń tọ́ ni àbí ilé ìwòsàn ló ń gba èèyàn sí.

Tíṣà bí tèmi kì í fún ọmọ ní òdo láì ka iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní kí Lékè, ọmọ àbúrò mi, ṣí ẹgbẹ́ Zoe fún mi lórí fóònù nígbà tí wọ́n ń ṣeré lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Mo wẹ̀, mo wé gèlè, kí àwọn òyìnbó má baà rí ìyá àgbà Zoe nínú bùbá tí mo fi ń dáná. Lékè ní wọn kò lè rí mi. Mo ní báwo wá ni èmi ṣe ń rí wọn?

Ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ Porch Catfish. Ohun tí ẹja ń wá lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò yé mi. Lékè ní orin rock àwọn ará ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni. Onírùngbọ̀n kan ń kọrin bí ẹni tí ewúrẹ́ jẹ iṣu rẹ̀, Zoe wá fa okùn gìtá, gìtá ké bí ayùn tó há sínú igi, ẹsẹ̀ mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àwọn irinwó èèyàn tó ń wò wọ́n ń kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ fóònù, àṣìṣe lọ súà! Mo máàkì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Lékè ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: èyí gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá, tọ̀hún kò mọ àmì ìdánudúró. Kí orin tó parí wọ́n ti di egbèje, wọ́n ń bẹ̀ mí kí n máàkì tiwọn. N kò mọ̀ pé ebi tíṣà ń pa wọ́n níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mojí, ohun tí kò jẹ́ kí n jókòó nìyí. Fèrè onírin kékeré tí o fi owó ìpápánu rà ní fọ́ọ̀mù mẹ́ta, tí o máa ń fẹnu fọn síwá sẹ́yìn lẹ́yìnkùlé, tí o fi ọ̀sẹ̀ méjì wá, tí mo sì bá ọ wá a: kò sọnù. Èmi ni mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ mi, kí o lè yege ìdánwò. O yege. O di nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà n kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ mọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ètè rẹ ló ń mì lásán.

Èmi tí mo ti àpótí kò lè kọ lẹ́tà ìbáwí. Ṣí búùtù náà kí Sátidé tó pé. Ọwọ́ méjì ni Zoe ní, kó fi ọ̀kan mú ìwé.

Fi owó dátà ránṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń dúró, kí o sì fi ti bíró pupa kún un. Lékè ní bíró kò ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n n kò lè máàkì láì di ọ̀kan mú.

Ohun rere kò ní há mọ́ ọ nínú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní há mọ́ ọmọ rẹ nínú, àmín. Lékè tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́bọ̀, pẹ̀lú nǹkan kékeré kan tí mo fi áńkáṣíìfù dì. Ó ti dípẹtà díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹnu sí i láàárọ̀ yìí. Ihò mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ṣì ń dún.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọláníkẹ́, tíṣà àná.