Ẹ Fún Adùkẹ́ ní Kọ́kọ́rọ́ Bùtíkì Ìwọ̀

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojúlọ́nà mi. Láti Abidjan níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Bantè, mo sì kí Adùkẹ́ àbúrò mi tòun ti ọmọ tó ń pọ̀n. Ara wa le. Àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ìwé, bàbá wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Òjò ibí ló pọ̀ jù. Aṣọ tí mo ń fọ̀ fún àwọn tó gbà mí síṣẹ́ kì í tètè gbẹ, wọ́n á sì máa kùn sí mi.

Bọ̀dá Jímọ̀, awakọ̀ ará Pira, wá kí mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo béèrè bùtíkì ìwọ̀ ẹja wa ní Savalou lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ojú yín ti ń ṣe bàìbàì ni ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Ó ní iwájú ilẹ̀kùn náà ni Adùkẹ́ ń jókòó sí nínú oòrùn, ọmọ lẹ́yìn, ìwọ̀ lórí àtẹ, bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n. Ó ní òun bi yín léèrè ìdí rẹ̀, ẹ ní bùtíkì ní ẹni tó ni ín, ẹni náà sì wà ní Abidjan. Màmá, mo gbé oúnjẹ iwájú mi fún àwọn ọmọ.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Lẹ́yìn ikú Bàbá, èmi pẹ̀lú yín la jọ ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òórùn rọ́bà bọ́ọ̀lù tuntun á gba imú wa. Ìwọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, láti èyí tó kéré bí èékánná ọmọdé títí dé èyí tí ẹ ń pè ní ti ọ̀nì. Lọ́wọ́ òsì, bàtà bọ́ọ̀lù so rọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé á sì dúró máa wò wọ́n láìra nǹkan kan. Ẹ kì í lé wọn.

Lọ́jọ́ kan, bàbá apẹja kan dé láti Djaloukou. Ọwọ́ yín dí, èmi ni mo so ìwọ̀ mọ́ okùn fún un. Ó fi eyín fà á wò, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà, ó gbé ẹja àrọ̀ ńlá kan wá, ó ní ìwọ̀ tí ọmọ yìí so kò tú. Ẹ gbé àrọ̀ náà ká ọjà, ẹ ń sọ pé bùtíkì yín ti rí ẹni jogún rẹ̀. Inú mi dùn jọjọ. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Ṣùgbọ́n mo tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Abidjan. Ọdọọdún ni mo ń ránṣẹ́ pé ó di àmọ́dún kí n tó padà wá gba bùtíkì. Kì í ṣe irọ́. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àbúrò mi.

Màmá, n kò ní padà wá ta ìwọ̀ mọ́. Ibí ti di ilé mi. Ẹ fún Adùkẹ́ ní kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe bí ẹni tó ń bá mi ṣọ́ ọ, bí kò ṣe bí ẹni tó ni ín. Kí ó jókòó sórí àga yín. Bí inú bá ń bí yín, èmi ni kí ẹ bínú sí.

Ọlọ́run á la ojú yín, á sì dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fún yín, kó kà á sókè, kí Adùkẹ́ lè gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́