Gbèsè Ẹ̀rọ Ìránṣọ Ẹ̀gbọ́n Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara ń le? Ṣé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú níjọ́sí ti lọ? Orúkọ rẹ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà láràárọ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara tèmi náà dá, àyàfi orúnkún, òun ti di ará ilé. Káfíńtà ti tún òrùlé kàn, ó sì jẹ oúnjẹ ènìyàn méjì.

Ọ̀rọ̀ báńkì ni mo fẹ́ sọ, mo kàn ń sá fún un láti òkè ìwé yìí wá ni. O ní kí n ṣe onídùúró fún ọ kí wọ́n lè yá ọ lówó ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń ya fọ́tò, mo lọ. Akọ̀wé obìnrin ibẹ̀ tẹ orúkọ mi sínú kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní wọn ò lè gbà mí, pé gbèsè ọdún mọ́kànlá wà lọ́rùn mi. Mo bi í pé ta ló fẹjọ́ mi sùn. Ó ní kò sẹ́nì kankan, pé ibì kan wà tí gbogbo báńkì ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí oníkálukú ṣe ń san gbèsè rẹ̀. Mo ní kó yí kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ mi kó lè rí ojú mi, bóyá ẹlòmíràn ló fi mí pè. Ó yí i, ọmọ gidi ni. Mo kí kọ̀ǹpútà náà, mo ṣàlàyé ara mi, kò yí ohun tó kọ padà.

Ọmọ mi, owó ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Èmi ni mo yá a. Nígbà tó kú, ọ̀gá báńkì wá kí mi, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sunkún, ó ní kí n má ro nǹkan kan mọ́. Mo gbà pé gbèsè náà wà lára ohun tó ní kí n má rò. Ta ló ń sunkún nílé ẹni tán kó tún máa ka owó sí i lọ́rùn?

Wọ́n ní àwọn kọ lẹ́tà sí mi léraléra. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n ń kó o lọ, wọ́n ń tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn. O mọ̀ pé n kò ṣí ibẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo ṣí i lọ́jọ́ Ẹtì. Ikán ti jẹ púpọ̀ nínú wọn. Ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sára aṣọ ṣì wà lórí tábìlì, mo sì jókòó tì í títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tó ń béèrè ìdí tí n kò fi san. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ò ju ìka méjì lọ. Mo kọ ọ́ pé ó kú, àyè sì ṣẹ́ kù.

Jọ̀ọ́, má bínú sí mi nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ, ojú ń tì mí. Mo ti ta ewúrẹ́ méjì, ìdajì gbèsè náà ló kù. Bá mi fi í ránṣẹ́ kí n san án, kí orúkọ mi lè mọ́, kí n lè dúró fún ọ. Akọ̀wé ní tí mo bá san án, tó bá di ọdún mélòó kan, wọ́n á pa á rẹ́ pátápátá. Ó rò pé inú mi máa dùn. Ṣùgbọ́n ó ti ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi: ẹ̀rọ ìránṣọ, fún ọmọ mi ọkùnrin. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìwọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀, bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ pé mo ti san, kí wọ́n sì fi ìlà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Ìwọ ni wàá sin mí. N kò ní sin ìkejì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.