Oògùn Tí Mo Kó Fún Ìyá Ọkọ Mi

Ifọ̀, oṣù kẹwàá, 1988

Àǹtí mi Sọ̀fíyátù,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá àti àwọn ọmọ nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù yẹn. Ara Màámi le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Àǹtí, oògùn họ́mónù tí ẹ ní kí n máa fín símú, kí ìju inú ilé ọmọ mi lè kéré, ti tán. Oṣù mẹ́ta lẹ ní, mi ò lò ó ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ìyá ọkọ mi rí i lọ́wọ́ mi, wọ́n ní oògùn ọ̀fìnkìn òyìnbó nìyẹn, kí n fún àwọn. Wọn ò mọ̀ pé mo ní ìju. Ẹnu wo ni ìyàwó ilé á fi ní rárá? Mo kó ìgò tó kù fún wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ti tún ń dà. Dókítà ní ilé ọmọ lòun máa yọ lọ́jọ́ kejì oṣù tó ń bọ̀, mi ò sì tíì bímọ kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ àwọn dókítà yín tó ń ṣèwádìí, tó ń ti ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo yọ ìju, kí wọ́n kọ̀wé sí i kó dúró. Ẹ fi oògùn mìíràn rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ. Ọ̀fìnkìn Ìyá ò lọ, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà pé ọwọ́ tí mo fi fún àwọn lóògùn ni n ó fi gbé ọmọ. Mo ń ṣe àmín.

Àbúrò yín,
Sàúdátù