Ẹ Má Fi Símẹ́ńtì Bò Mí: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Alàgbà Ọlọ́runnísọ̀lá Gbádéyan (1934–2009)

Ọdún 1934 ni a bí bàbá wa, Alàgbà Ọlọ́runnísọ̀lá Gbádéyan, sí agbolé Gbádéyan ní Ìrágbìjí. Àgbẹ̀ ni bàbá tó bí wọn. Ìyá wọn, Ọ̀ṣuntóyìn, ń ta ẹja gbígbẹ. Ìwé kẹrin ni wọ́n kà dé tí bàbá wọn fi papò dà, oko sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ilé-ìwé.

Ní 1955, wọ́n wá sí Araromi-Obu lágbègbè Ore, wọ́n gba ilẹ̀ dá oko kòkó. Màmá wa, Ẹfúnróyè, ọmọ ìjọ Aláàdúrà, ni wọ́n gbé níyàwó ní 1966. Màmá ló mú wọn wọ ilé àdúrà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti di alàgbà.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí katakátá ń la títì Èkó sí Bìní kọjá ní Ore, àwọn ọ̀dọ́ ń já oko sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ títì. Bàbá kò lọ. Wọ́n fẹ́ràn oko ju ohunkóhun lọ, a kò sì ní parọ́ pé àwa ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a fẹ́ fò nínú ìtàn yìí rèé, ṣùgbọ́n Bàbá ní a kò gbọdọ̀ fò ó. Ní 1977, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Ìkórè ìjọ ku ọ̀la, Bàbá sì da oògùn kòkó tó ṣẹ́kù sínú odò ẹ̀yìn oko. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pẹja nígbà yẹn nìyẹn. Ẹja léfòó, a kó agbọ̀n mẹ́ta, a fi dúpẹ́, ìjọ sì jẹ ẹ́. Nígbà tí Ìkórè fi máa parí, ìdajì ìjọ ti ń bì. Monílọ́lá, àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, lo ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù ní Ore kí ó tó lajú.

Ọmọ yè, odò kò yè. Ọ̀pọ̀lọ́ dákẹ́. Ẹyẹ tó máa ń já sómi gbé ẹja kò wá mọ́. Ẹ̀fọn wá bò wá mọ́lẹ̀, torí ẹja tó ń jẹ tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn, ti kú tán. Àmínù, aládùúgbò wa, ló là á mọ́lẹ̀: “Bàbá Monílọ́lá, àwọn tó ń bá wa jẹ ẹ̀fọn lẹ pa o.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n jẹ́wọ́ níwájú ìjọ pẹ̀lú ẹkún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ti oko bọ́ sí oko, tí wọ́n ń bẹ èèyàn pé kí wọ́n má da oògùn sódò mọ́.

Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹran tàbí ẹja láìdáhùn ìbéèrè Bàbá.

“Kí ni ẹja yìí jẹ?”

“Tanwíji, Bàbá.”

“Kí ni tanwíji jẹ?”

“Ewé tó jẹrà, Bàbá.”

“Ewé ńkọ́?”

“Oòrùn, Bàbá!”

Ọbẹ̀ á ti tutù. Lọ́jọ́ kan, Olúbísí, ọmọ wọn kejì, béèrè pé adìyẹ jẹ odidi agbọ̀n àgbàdo, kí ló dé tí ẹran rẹ̀ kò kún àwo? Bàbá mú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n tì í bọ abẹ́ àgbébọ̀ tó sàba. “Ṣé ó gbóná? Inú ooru yìí ni àgbàdo yòókù ń bá lọ.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní 1981, ọ̀pọ̀lọ́ kan ké lódò. Bàbá ní kí gbogbo wa dákẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Àárò ìrọ̀lẹ́ yẹn ń sọ wá títí di òní.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ wá kí wọ́n tó lọ: “Ẹ má fi símẹ́ńtì bò mí. Láti 1955 ni mo ti ń jẹ lára ilẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kó jẹ lára mi.” Ṣùgbọ́n Olúrótìmí, àbíkẹ́yìn wọn, ti ra símẹ́ńtì àti táìsì ibojì sílẹ̀ ní Ore. A jiyàn gan-an. Kí làwọn èèyàn á wí? Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ẹrẹ́nà, 2009, èémí wọn tán, ọwọ́ wọn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Monílọ́lá tó dì í mú ní, “Ẹ fọwọ́ kàn án. Àgbàdo yòókù ló ń lọ yẹn.” Iyàn parí síbẹ̀.

Wọ́n fi Màmá Ẹfúnróyè sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Monílọ́lá, Olúbísí àti Olúrótìmí, àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá. A ti fi símẹ́ńtì náà tún ẹnu kànga ìjọ ṣe. Abẹ́ kòkó tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ni a ó tẹ́ wọn sí nínú sùtánà funfun wọn, erùpẹ̀ nìkan ni yóò bò wọ́n.

Bàbá wa, ẹ ti jẹ, ẹ ti yó. Ó kan ilẹ̀. Ẹ sùn ire o.